Kí Eyín Kẹ́hìndé Tó Yọ

5 Nọ̀fẹ́ḿbà 2005, Sátidé

Kámẹ́rà Akínwálé dé lónìí. Bàbá kan nínú ìjọ wa tó lọ kí ọmọ rẹ̀ nílùú òyìnbó ló bá a mú un bọ̀, ó wé e sínú ìbọ̀sẹ̀ onírun bí ẹni wé ẹyin. Láti ọdún tó kọjá ni àbúrò mi yìí ti ń sọ ọ́ sí mi létí: "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má náwó fún àwọn onífọ́tò mọ́. Ẹ ní sùúrù. Mo máa fi kámẹ́rà ìgbàlódé ránṣẹ́, èyí tí kì í lo fíìmù, ẹ óò máa ya àwọn ìbejì yín bó ṣe wù yín." Mo ní sùúrù. Táyé lọ ní Ọ́gọ́ọ̀sì, kámẹ́rà dé ní Nọ̀fẹ́ḿbà.

Mi ò yọ ọ́ nínú ìbọ̀sẹ̀. Mo gbé e sórí àpótí aṣọ, mo lọ gbé omi ẹ̀kọ kaná.

8 Nọ̀fẹ́ḿbà, Túsìdeé

Ọyẹ́ ti yọjú. Ètè àwọn ọmọ kíláàsì mi ti ń là, gbogbo wọn ń lá ètè bí ẹni lá oyin, èmi sì ń pariwo lé wọn lórí. Ara mi ò gba ariwo lásìkò yìí, èmi kan náà ni mo sì ń pa á.

Kẹ́hìndé pàdé mi lẹ́nu ọ̀nà. "Mama, hakorina yana rawa." Mo ní kó fi Yorùbá sọ ọ́. Ó ní, "Eyín mi ń jó." Mo fi ìka kàn án. Eyín iwájú lókè ni, ó ń mì lóòótọ́.

Ó yẹ kí inú mi dùn. Eyín ìsàlẹ̀ àwọn méjèèjì jọ yọ ní oṣù Júùnù ni, nínú ọ̀sẹ̀ kan náà, gbogbo Hayin Dogo, àdúgbò wa níbí ní Zaria, ló sì fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́. Ṣùgbọ́n èyí ni nǹkan àkọ́kọ́ tí Kẹ́hìndé máa ṣe tí Táyé kò ní í bá a ṣe. Títí di òní, bí mo bá fẹ́ rí Táyé, ojú Kẹ́hìndé ni mo ń wò. Lọ́jọ́ tí eyín yìí bá yọ, ojú tí Táyé gbé lọ kò ní í sí lọ́dọ̀ mi mọ́.

Fọ́tò wọn méjì péré ló wà nílé. Nínú ti ìsọmọlórúkọ, ṣọ́ọ̀lù ni wọ́n fi wé wọn, imú nìkan ló yọ síta. Nínú ti ìkórè ọmọdé, gèlè ìyá kan bo Táyé lójú, etí ọ̀tún rẹ̀ ló hàn. Mo ti wo etí yẹn títí ojú fi ń dùn mí.

Mo yọ kámẹ́rà nínú ìbọ̀sẹ̀.

9 Nọ̀fẹ́ḿbà, Wẹ́sìdeé

Ìyá ọkọ mi pè láti Mópà. Kò tíì kí mi tán tó fi bọ́ sórí ọ̀rọ̀. "Ìyá Ìbejì, mo gbọ́ pé kámẹ́rà ti dé. Ya Kẹ́hìndé lẹ́ẹ̀mejì. Kó jókòó lápá ọ̀tún, kó tún jókòó lápá òsì, kí wọ́n wá bá ọ so ó pọ̀. Bí wọ́n ṣe ṣe é fún ẹ̀gbọ́n mi nìyẹn nígbà tí ọ̀kan nínú tiẹ̀ rìnrìn àjò. A kì í jẹ́ kí ìbejì dá wà nínú fọ́tò. Kí ẹsẹ̀ àwọn méjèèjì hàn dáadáa o."

Rìnrìn àjò. Ohun tí àwa náà sọ fún Kẹ́hìndé nìyẹn, torí Màmá Mópà ní a kì í sọ pé ìbejì kú: Táyé lọ sí Èkó, ó wà lọ́dọ̀ àǹtí kan níbẹ̀. Ilé Maman Lami, aládùúgbò wa tó ń dín kosai, àkàrà àwọn Hausa, ni Kẹ́hìndé wà lọ́jọ́ tó ṣẹlẹ̀. Kò rí nǹkan kan.

Ọlábánjí jókòó tì mí, ó sì gbọ́ ohùn ìyá rẹ̀. Nígbà tí mo gbé fóònù sílẹ̀, ó ní, "Ọmọ́níkẹ́, ọmọ kan ò lè di ọmọ méjì." Ó wu ìyá rẹ̀ láti rí ìbejì lára ògiri, ṣùgbọ́n kì í ṣe torí ògiri Mópà ni mo ṣe fẹ́ ẹ. Mo ń gbàgbé ọmọ mi. Mo máa ń jí láàárọ̀, màá fi ìṣẹ́jú díẹ̀ wá ojú rẹ̀ kí n tó rí i.

Mo pe Kẹ́hìndé. Mo ní, "Eyín yìí ò gbọdọ̀ yọ títí n ó fi ya fọ́tò ẹ̀yin méjèèjì tán. Má fi ahọ́n tì í. Má fi jẹ ìrèké. Ṣé o gbọ́?"

Ó ní, "To, Mama."

12 Nọ̀fẹ́ḿbà, Sátidé

Mo mú un lọ sẹ́nu géètì kí ìmọ́lẹ̀ lè pọ̀. Ìmọ́lẹ̀ pọ̀ lóòótọ́. Ọ̀run hàn, géètì hàn, ewúrẹ́ Maman Lami hàn tìrùtìrù, ọmọ mi nìkan ló dúdú bí ìdí ìkòkò. Mo tún un yà, mo tún un yà. Ewúrẹ́ náà ń dára sí i.

15 Nọ̀fẹ́ḿbà, Túsìdeé

Mo gba àdúgbò PZ kọjá, mo yà sí ṣọ́ọ̀bù Sarat. Nígbà tí èmi ń kọ́ iṣẹ́ olùkọ́ ní yunifásítì ní Samaru ni òun ń kẹ́kọ̀ọ́ iṣẹ́ ọnà, a jọ gbé yàrá kan ni. Ó ti wá ní ṣọ́ọ̀bù fọ́tò àti kọ̀ǹpútà báyìí. Ọmọ Ìlọrin ni, ẹnu rẹ̀ mú bí abẹ. Ó wo ohun tí mo yà, ó ní, "Ọmọ́níkẹ́, ṣé ọmọ lo yà ni, àbí èédú?" Ó ń rẹ́rìn-ín lọ kó tó rí ojú mi, ló bá fà mí jókòó.

Ó ní oòrùn kì í wà lẹ́yìn ẹni tí a ń yà, ẹ̀yìn tèmi ló yẹ kó wà. Ó ní kámẹ́rà kò gbọ́n tó ojú èèyàn: bó bá ti rí ọ̀run tó mọ́lẹ̀, ọ̀run ló máa tọ́jú, á gbàgbé ọmọ.

Mo sọ ohun tí mo fẹ́ ṣe fún un. Ó yí àga rẹ̀ díẹ̀. "Síso ò nira, kọ̀ǹpútà ló máa ṣe é. Ṣùgbọ́n bí o bá ti ya ti ọ̀tún, kámẹ́rà ò gbọdọ̀ mira kí o tó ya ti òsì." Kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ nínú mi, torí gbogbo èèyàn ló ní nǹkan láti sọ fún mi lásìkò yìí.

19 Nọ̀fẹ́ḿbà, Sátidé

Mo fi ẹ̀yìn sí oòrùn bí Sarat ṣe wí. Oòrùn wá kọjú sí ọmọ, ó fún ojú pọ̀ bí ẹni jẹ òroǹbó kíkan. Mo mú un wọlé. Iná ò sí, mo lo fíláàṣì. Iwájú orí rẹ̀ funfun báláú, ẹyinjú rẹ̀ pupa. Ó fi ọwọ́ bo gíláàsì ẹ̀yìn kámẹ́rà. "Wannan ba ni ba ce." Mo ní kó fi Yorùbá sọ ọ́. Ó ní, "Èyí kì í ṣe èmi."

Kì í ṣe ìwọ náà, lóòótọ́. Kì í sì í ṣe òun.

20 Nọ̀fẹ́ḿbà, Sọ́ńdè

Wọ́n ní kí gbogbo ìyá ìbejì jáde síwájú fún àdúrà. Mo jókòó. Ìyàwó pásítọ̀ ń ṣẹ́jú sí mi, mi ò mọ ohun tó fẹ́ kí n ṣe.

26 Nọ̀fẹ́ḿbà, Sátidé

Màmá tún pè nítorí ẹsẹ̀. "Fọ́tò tí ẹsẹ̀ ò sí ńkọ́, ṣé arọ ni wọ́n ni?" Mo bá rìn sẹ́yìn, mo rìn títí mo fi fẹ̀yìn kan ògiri ilé kejì, kí bàtà rẹ̀ lè wọlé. Bàtà wọlé. Ojú rẹ̀ wá kéré bí ẹ̀wà. Mo tẹ bọ́tìnnì tó ń fa nǹkan súnmọ́, ohun gbogbo wá fọ́ yángá-yàngà bí gàrí.

Mo kó o lọ fún Sarat. Ó ní, "Ẹsẹ̀ rẹ ni kí o fi sún mọ́ ọmọ, fi bọ́tìnnì yẹn sílẹ̀. Tí ó bá wá kúrú, kí ìwọ náà kúnlẹ̀. Ta ló fẹ́ rí sálúbàtà?" Mo ní ìyá ọkọ mi. Ó ní kí ìyá ọkọ mi wá ya fọ́tò tirẹ̀.

Ó tún fi hàn mí pé òpó iná kan yọ jáde látorí Kẹ́hìndé bí ìwo. Èmi ò rí òpó kankan nígbà tí mò ń yà á. "Bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran, ọ̀rẹ́ mi. Wo ẹ̀yìn ọmọ kí o tó tẹ̀ ẹ́."

3 Dìsẹ́ḿbà, Sátidé

Mo kúnlẹ̀. Mo sún mọ́ ọn títí mo fi ń gbọ́ èémí rẹ̀. Ẹnu ọ̀nà tó kọjú sí ìwọ̀-oòrùn ni mo gbé àga sí, láàárọ̀, níbi tí ibòji ti mọ́lẹ̀. Fún ìgbà àkọ́kọ́, ojú ọmọ hàn. Ìpéǹpéjú rẹ̀ hàn, eruku orí imú rẹ̀ pàápàá hàn.

Ó yẹ kí n yọ̀. Ṣùgbọ́n àpá kékeré abẹ́ àgbọ̀n rẹ̀ náà hàn, níbi tó ti ṣubú lu ọlọ nígbà tó ń kọ́ ìrìn. Táyé kò ní àpá yẹn. Nígbà tí mo dúró lọ́nà jíjìn tí mi ò mọ nǹkan kan, ó lè jẹ́ èyíkéyìí nínú wọn. Bí mo ṣe ń sún mọ́ ọn, bẹ́ẹ̀ ló ń di Kẹ́hìndé.

Mo sunkún nínú ilé ìdáná. Mo ní èéfín ni.

10 Dìsẹ́ḿbà, Sátidé

Bátìrì ọjà Samaru kò lágbára kankan. Mo ra méjì ní ọgọ́rùn-ún náírà, kámẹ́rà tan, ó fọhùn, ó kú. Akínwálé ní òun kó èyí tí a lè gba iná sí sínú àpò rẹ̀. Mo rí i. Iná wá dà? Ọlábánjí kó o lọ síbi iṣẹ́, ó gbà á sí i níbẹ̀, ó gbé e wá fún mi. Kò fẹ́ fọ́tò yìí, síbẹ̀ ó gba iná sí bátìrì. Mi ò mọ̀ bóyá kí n dúpẹ́ ni tàbí kí n bú sẹ́kún.

Ọwọ́ mi ń gbọ̀n nítorí òtútù, fọ́tò ń ṣú bàìbàì. Mo ti kọ́ ọ báyìí: ìgbọ̀nwọ́ méjèèjì á wọ ìhà, ẹ̀yìn á ti ògiri, màá mí jáde kí n tó tẹ̀ ẹ́. Màá kọ́kọ́ tẹ̀ ẹ́ dé àárín, kámẹ́rà á wo ọmọ dáadáa, kí n tó tẹ̀ ẹ́ délẹ̀. Tí mo bá fi ìbínú tẹ̀ ẹ́, ó máa ń hàn nínú fọ́tò.

11 Dìsẹ́ḿbà, Sọ́ńdè

Mo fún Kẹ́hìndé ní bisikíìtì kan. Ó dá a sí méjì lójú mi, ó jẹ ìdajì, ó gbé ìyókù sórí ìrọ̀rí. "Ti Táyé. Tó bá dé láti Èkó." Ó ń wò mí lójú bó ṣe ń sọ ọ́. Mo ní ó ṣeun, ọmọ dáadáa.

Eèrà ti bo bisikíìtì náà kí ilẹ̀ tó ṣú.

17 Dìsẹ́ḿbà, Sátidé

Ilé-ìwé ti gba ìsinmi. Mo to àga méjì sẹ́nu ọ̀nà. Mo to ìwé orin ìjọ lé ara wọn lórí tábìlì, mo gbé kámẹ́rà lé e kó má baà mira. Mo wọ Kẹ́hìndé ní aṣọ òdòdó pupa, ó jókòó lápá ọ̀tún. Ó dára. Mo ní, "Ó yá, lọ sórí àga Táyé."

Ó lọ. Ó jókòó, ó wò mí. "Ṣé kí n ṣe bíi Táyé?"

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

Ó gbé ẹsẹ̀ kan lé èkejì. Ó ká ètè ìsàlẹ̀ wọnú, ó dorí kọ ẹ̀gbẹ́ kan díẹ̀, bí ẹni tó mọ ohun tí a ń bò fún un. Táyé ni. Jésù! Táyé ló jókòó síbẹ̀ lórí àga yẹn, ó ń wò mí. Mi ò mọ̀gbà tí mo fara gbá tábìlì. Ìwé orin yẹ̀, kámẹ́rà fẹ́ ṣubú, mo gbá a mú, ìka mi tẹ̀ ẹ́.

Ohun tó jáde ṣú bàìbàì, aṣọ pupa kan àti ìlà ojú kan. Ṣùgbọ́n mo mọ ẹni tó wà níbẹ̀.

Mi ò lè ya òmíràn. Kẹ́hìndé sọ̀kalẹ̀, ó wá bá mi, ó ya ẹnu. "Eyín náà ṣì wà, Mama."

18 Dìsẹ́ḿbà, Sọ́ńdè

A jà. Mo fi fọ́tò bàìbàì yẹn han Ọlábánjí, mo ní kó wo ọmọ rẹ̀. Kò wò ó pẹ́. "Ṣé o mọ ohun tí ò ń fi ọmọ tó kù yìí ṣe?"

Mo ní, "Ìwọ ti gbàgbé rẹ̀, àbí? Ó ti tán lára rẹ."

Mo mọ̀ pé kò gbàgbé. Èmi ni mo rí i nígbà tó ń fọ sálúbàtà kékeré Táyé lẹ́yìn ilé, tó sá a gbẹ, tó tún ń fọ̀ ọ́. Mo sọ ọ́ nítorí kó lè dùn ún. Ó dùn ún. Ó mú ọkọ́, ó lọ sóko rẹ̀ ní Bomo, bẹ́ẹ̀ kò sí nǹkan lóko lásìkò yìí, wọ́n ti kórè gbogbo rẹ̀ tán. Nígbà tó dé, ó jẹun, ó kí mi kú iṣẹ́ oúnjẹ.

22 Dìsẹ́ḿbà, Tọ́sìdeé

Àmì dúdú kan wà lára gbogbo fọ́tò mi. Eruku ọyẹ́ ni, ó ti bo ojú kámẹ́rà. Mo fi etí ìró nù ún. Sarat gbọ́ ọ lórí fóònù, ó pariwo, "Ìró tí o fi ń gbé ìkòkò! O fẹ́ ha á ni?" Ó ní kí n kọ́kọ́ fẹ́ eruku kúrò, kí n wá fi aṣọ múlọ́múlọ́ tó mọ́ nù ún jẹ́jẹ́, kí n sì máa wé kámẹ́rà sínú ọ̀rá tí mi ò bá lò ó.

Ibi tí mo ti ń yẹ̀ ẹ́ wò bóyá àmì náà ti lọ, kámẹ́rà bi mí ní ìbéèrè kan. Mo ro pé ó ń bi mí bóyá kí òun máa bá iṣẹ́ lọ ni. Mo dá a lóhùn pé bẹ́ẹ̀ ni.

Ó pa gbogbo rẹ̀ rẹ́. Ó ní kò sí fọ́tò kankan nínú òun. Mo tẹ gbogbo bọ́tìnnì tó wà lára rẹ̀. Kò sí fọ́tò kankan.

Mo ti pàdánù rẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì nìyẹn. Mi ò ní ẹni tí mo lè sọ ọ́ fún, torí ẹni tí mo lè sọ ọ́ fún, mo ti bá a jà.

25 Dìsẹ́ḿbà, Sọ́ńdè

Kérésì. Mo bu ìrẹsì sí abọ́ mẹ́rin kí n tó rántí. Kẹ́hìndé jẹ tirẹ̀ pẹ̀lú eyín ẹ̀gbẹ́ nìkan, ó ń ṣọ́ra bí àgbàlagbà.

2 Jánúárì 2006, Mọ́ńdè

Mo ṣe é. Mo fẹ́ kọ ọ́ sílẹ̀ dáadáa nítorí kò sí nǹkan mìíràn tí mo ṣe dáadáa láti oṣù wọ̀nyí.

Mo jí kí eruku tó gbéra. Mo ta aṣọ ìbora funfun sórí okùn, níwájú ẹnu ọ̀nà, kó lè da ìmọ́lẹ̀ padà sí ojú ọmọ. Mo gbé garawa àti ìgbálẹ̀ kúrò lẹ́yìn àga. Mo fi òkúta ti tábìlì. Mo ya ti ọ̀tún lọ́pọ̀ ìgbà, torí ọmọdé kì í yé ṣẹ́jú, mo sì ya ti òsì bákan náà. Mi ò pa èyíkéyìí rẹ́.

Ní àga òsì, mo ní kó ṣe bíi Táyé. Ó gbé ẹsẹ̀ lé ẹsẹ̀, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ le. Ó ń fi ahọ́n ti eyín náà mọ́ àyè rẹ̀. Mo rí i pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ já.

4 Jánúárì, Wẹ́sìdeé

Sarat so ó pọ̀ lójú mi. Ọmọbìnrin méjì jókòó lẹ́nu ọ̀nà, aṣọ kan náà, ìmọ́lẹ̀ kan náà, ẹsẹ̀ wọn sì hàn. Kò síbi tí èèyàn lè rí ojú àsopọ̀ rẹ̀. Sarat sún mọ́ kọ̀ǹpútà, ó tún wò ó. "Ọmọ́níkẹ́, ìwọ lo ya èyí? Ó dára gan-an, wallahi."

Mo wò ó. Kẹ́hìndé méjì ló wà níbẹ̀. Kẹ́hìndé kan jókòó, Kẹ́hìndé kejì ń ṣe bí ẹlòmíràn nítorí ìyá rẹ̀ ní kó ṣe bẹ́ẹ̀. Àpá wà lágbọ̀n méjèèjì.

Sarat rí ibi tí mò ń wò. "Mo lè pa àpá yẹn rẹ́ lára ti òsì."

Mo ní kó má pa á rẹ́. Mo ní n ó tún un yà. Ó ní kí ló ṣe é? Mo ní ojú ọmọ le jù, màá yà á lẹ́ẹ̀kan sí i, pẹ̀lú ẹ̀rín, màá sì rí i níbẹ̀. Bí aṣiwèrè ni mò ń sọ̀rọ̀, mo sì gbọ́ ara mi.

5 Jánúárì, Tọ́sìdeé

Mo sọ fún Kẹ́hìndé pé Sátidé a óò tún un yà. "Eyín yẹn o. Ó ku díẹ̀. Bá mi dì í mú." Ó fi ọwọ́ bo ẹnu rẹ̀, ó mi orí pé òun gbọ́.

7 Jánúárì, Sátidé

Eruku bo gbogbo Zaria. A ò rí òpin àdúgbò. Kò sí ìmọ́lẹ̀ rárá, ohun gbogbo rí bí omi èlùbọ́. Mi ò ya nǹkan kan.

10 Jánúárì, Túsìdeé

Sallah, ọdún Iléyá. Maman Lami gbé ẹran àgbò wá, ó ń wá Hussaina rẹ̀, bó ṣe máa ń pe Kẹ́hìndé. Ọmọ tó máa ń sáré pàdé ẹran yìí fà sẹ́yìn mi, kò sọ̀rọ̀. Maman Lami ní, "Haba, Hussaina, ba ki da lafiya ne?" Ó mi orí pé ara òun yá. Kò jẹ ẹran náà.

11 Jánúárì, Wẹ́sìdeé

Kò sọ̀rọ̀ láti àná. Ẹ̀kọ díẹ̀ ló mu, ó fi ẹ̀gbẹ́ ẹnu fà á. Ara rẹ̀ kò gbóná. Mo bi í ohun tó ń dùn ún, ó mi orí pé kò sí. Mo ní kó ya ẹnu kí n wo ọ̀fun rẹ̀, ó sá wọ abẹ́ bẹ́ẹ̀dì.

Mo ṣàṣìṣe, mo sọ ọ́ fún Màmá lórí fóònù. Ó ní, "Èkejì rẹ̀ ń pè é. Mo ti sọ fún ọ pé kí o tètè ya fọ́tò yẹn."

Ọkàn mi ò lélẹ̀ mọ́. Báyìí gan-an ni Táyé ṣe bẹ̀rẹ̀, kò jẹun, kò sọ̀rọ̀. Ọlábánjí gbé àga sí ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì ọmọ, kò kúrò níbẹ̀. Mo jókòó sílẹ̀, mo fẹ̀yìn ti ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó gbé ọwọ́ lé mi lórí. A ò tíì fọwọ́ kan ara wa láti ìgbà tí a jà. Ó ní bí ilẹ̀ bá mọ́, a máa gbé e lọ sọ́sípítù. Ọlọ́run, kì í ṣe èyí. Gba kámẹ́rà, gba fọ́tò, gba ohun gbogbo, kì í ṣe èyí.

12 Jánúárì, Tọ́sìdeé

Nígbà tí mo jí, kò sí lórí bẹ́ẹ̀dì. Mo sáré jáde láìwọ bàtà. Mo rí i lẹ́yìn ilé, níbi tí a ti ń wẹ̀. Ó gbé dígí tí bàbá rẹ̀ fi ń fárùngbọ̀n lé orí búlọ́ọ̀kù, ó ya ẹnu síwájú rẹ̀. Ṣingọ́ọ̀mù wà lọ́wọ́ rẹ̀ kan. Eyín náà wà lọ́wọ́ kejì. Ó ń gbìyànjú láti lẹ̀ ẹ́ padà sí àlàfo.

Ó rí mi nínú dígí.

"Mama, kada ki yi fushi. Ẹ má bínú. Mi ò fi ahọ́n tì í. Mi ò jẹ ìrèké. Fúnra rẹ̀ ló yọ, lọ́jọ́ Sallah. Mo ń dì í mú lẹ́nu kí ẹ lè ya Táyé."

Gbogbo ọjọ́ wọ̀nyí. Ó ń dì í mú lẹ́nu, kò jẹun, kò sọ̀rọ̀, ó ń sùn pẹ̀lú ẹnu pípadé, nítorí mo ní kó bá mi dì í mú. Mo kúnlẹ̀ síwájú rẹ̀. Mo gba eyín náà lọ́wọ́ rẹ̀. Mo ní kò sí fọ́tò mọ́, a ò ya Táyé mọ́. Ó ní, "Ẹ ti bínú." Mo ní rárá. Mo wá rí i pé mi ò lè jáde nínú ọ̀rọ̀ yìí bí mi ò bá sọ òótọ́ fún un, ohunkóhun tí Mópà ìbáà wí.

Mo ní, "Kẹ́hìndé, gbọ́. Táyé kò lọ sí Èkó. Táyé ti..."

Ọ̀rọ̀ náà kò jáde. Mo tún bẹ̀rẹ̀, kò jáde.

Ó fi ọwọ́ tó lẹ̀ mọ́ ṣingọ́ọ̀mù kàn mí létí. "Na sani, Mama. Mo mọ̀. Maman Lami sọ fún mi lọ́jọ́ yẹn, ó sunkún." Ó dúró díẹ̀, ó ń wo ojú mi bó ṣe wò mí lọ́jọ́ bisikíìtì. "Ẹ̀yin ni mo rò pé ẹ ò tíì mọ̀."

Mo jókòó sílẹ̀ nínú omi ìwẹ̀ àná. Ó dì mọ́ mi lọ́rùn, lẹ́yìn ìgbà díẹ̀ ó ní kí n dìde, pé ilẹ̀ tutù.

14 Jánúárì, Sátidé

Eruku ti rọlẹ̀, ìmọ́lẹ̀ dára láàárọ̀ yìí. Àga kan ni mo gbé sẹ́nu ọ̀nà. Mo ya Kẹ́hìndé.